Áàpù Tí Wọ́n Ń Pè Ní Agnes

Àbúrò mi ọkùnrin, Àánúolúwa, kì í gbọ́ orúkọ Agnes kó má fajú ro. Tí a bá jókòó ti oúnjẹ nílé wa ní àdúgbò míṣọ́ọ̀nù, tí mo bá ṣèèṣì sọ pé mo pàdé Agnes lọ́jà Odò-Orí, ṣíbí ló máa kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Á ní, "Ẹ̀yin náà, Anti Rìn?" bí ẹni pé mo lọ bá ọ̀tá rẹ̀ mulẹ̀. Èmi náà á ní kó jẹ́ kí n jẹ oúnjẹ mi, nítorí èmi kọ́ ni mo ní kí àwọn èèyàn fẹ́ràn Agnes jù ú lọ.

Kí ẹ má rò ó sí ibòmíràn o. Agnes ti lọ́kọ, ó ti bímọ, kíláàsì kan náà la jọ wà nílé ìwé Onítẹ̀bọmi, ó sì ju Àánú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Owú iṣẹ́ ni àbúrò mi ń jẹ. Ó ti jẹ ẹ́ pẹ́ débi pé kò mọ̀ pé owú ni mọ́. "Òtítọ́ ọ̀rọ̀" ló ń pè é.

Adédìpẹ̀, ọmọ Ìwó kan tó lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn tó sì padà wálé, ló dá ilé iṣẹ́ wọn sílẹ̀ lókè ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì kan. Ohun tí wọ́n ń tà kò ṣeé fọwọ́ kàn. Áàpù ni, Ìtẹ́ ni wọ́n sọ ọ́, àwọn tó ń sin adìẹ ló sì wà fún. Ẹni tó bá ní in lórí fóònù á máa tẹ iye ẹyin tó ṣà sínú rẹ̀, iye adìẹ tó wà láàyè àti oúnjẹ tí wọ́n jẹ. Áàpù á sì máa sọ fún un ìgbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára kàn, àti ìgbà tó yẹ kó ta àwọn adìẹ tó ti gbó. Lóṣooṣù ni wọ́n ń sanwó rẹ̀, ẹni tó bá sì sú á kàn pa á rẹ́ kúrò lórí fóònù rẹ̀ ni, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àánú ni máníjà áàpù náà. Òun ló ń pinnu ohun tó máa ṣe àti ohun tí kò ní ṣe, òun ló ń sọ fún àwọn tó ń kọ ọ́ pé kí wọ́n yọ tibí kúrò, kí wọ́n fi tọ̀hún sí i. Agnes ló ń tọ́jú àwọn oníbàárà kí wọ́n má bàa lọ. Ó ti ta oúnjẹ adìẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó débẹ̀, ó sì mọ gbogbo ilé adìẹ láti Olúpọ̀nnà dé Ilé-Ogbó. Fóònù ni iṣẹ́ rẹ̀. Á pe ti tibí, á pe ti tọ̀hún, á bi wọ́n léèrè adìẹ, á bi wọ́n léèrè ọmọ, á bi wọ́n léèrè orókún tó ń dùn wọ́n. Tí ẹnìkan bá ní adìẹ òun ń ṣe bákan, kó tó di ọ̀sán, Agnes á ti rán dókítà ẹran sí i.

Mi ò sọ pé áńgẹ́lì ni Agnes o. Ariwo rẹ̀ pọ̀. Òun ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sọ, ó fẹ́ràn ìyìn, kì í sì í tètè dé ibi iṣẹ́. Àánú kì í pẹ́ dé. Àánú kì í pariwo. Ó sì ń dùn ún wọra pé kò sẹ́ni tó rí ìyẹn.

Láti kékeré ni nǹkan yìí ti wà lára rẹ̀. Nígbà tí rédíò bàbá wa bàjẹ́, Àánú ló tú u palẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó wá ohun tó ń ṣe é rí, tó sì tò ó padà. Bàbá wa wọlé, wọ́n bá ẹ̀gbọ́n wa Jonathan tó jókòó ti rédíò tó ń sọ̀rọ̀ geere, Jonathan ni wọ́n sì gbá lẹ́yìn pé, "Ọmọ mi, o ṣeun." Jonathan ò sọ pé òun kọ́. Ó ti ṣe díẹ̀ tí a sin bàbá wa, Jonathan sì ti di bàbá ọmọ ní Abẹ́òkúta, àmọ́ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ rédíò nílé wa títí dòní, ẹ wo ojú Àánú.

Ẹ wá wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ọ́fíìsì tí àwọn èèyàn ti ń gbé ẹyin wá fún Agnes. Ẹni tó bá ti oko wọ Ìwó á gun àtẹ̀gùn náà pẹ̀lú kéréètì ẹyin lọ́wọ́, á bá Àánú lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ọmọ mi, ṣé Agnes wà? Jọ̀ọ́, bá mi gbé e fún un." Àánú á gbé e. Ó máa ń sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣe áàpù yẹn, kò sẹ́ni tó fún òun ní ẹyin kan ṣoṣo rí, kódà èyí tó sán. Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní kó lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Agnes kó máa fún un nínú tirẹ̀. Kò bá mi rẹ́rìn-ín.

Èyí tó wá gún un lọ́kàn jù ni ti orúkọ. Àánú fúnra rẹ̀ ló sọ áàpù náà ní Ìtẹ́, ó ronú lé e lórí títí, ó tún ya àwòrán ìtẹ́ ẹyẹ tó wà lójú rẹ̀. Ọjọ́ kan ló bá Adédìpẹ̀ lọ sí Ilé-Ogbó, obìnrin kan sì na fóònù sí i pé, "Mo ti tẹ Agnes mi láàárọ̀ yìí, ẹ wò ó." Kò mọ̀ pé ó ń jẹ́ Ìtẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní Ìtẹ́ láàárín wọn. Wọ́n ń tẹ Agnes, wọ́n ń sanwó Agnes, Agnes wọn ń takú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá dára. Nígbà tí Àánú délé lọ́jọ́ yẹn, kò jẹun.

Nígbà tó yá, àwọn kan wá láti Èkó. Wọ́n fẹ́ fi owó kún ilé iṣẹ́ náà kó lè dé Ẹdẹ, kó dé Ògbómọ̀ṣọ́, kó kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo ohun gbogbo, wọ́n ní ó dára, wọ́n wá bi Adédìpẹ̀ ní ìbéèrè kan níwájú gbogbo wọn: "Kí ló ń dá àwọn oníbàárà yín dúró, áàpù yìí ni àbí arábìnrin yìí?" Wọ́n ní tó bá jẹ́ áàpù ni, wọ́n máa fi owó sí i. Tó bá jẹ́ arábìnrin ni, wọn ò lè gbé e dé gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dà bíi pé máníjà tó wà nídìí áàpù ò mọ iṣẹ́ rẹ̀, àwọn á mú tiwọn wá láti Èkó. Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ wá gba èsì.

Agnes rẹ́rìn-ín. Ó rò pé wọ́n ń yin òun ni. Àánú ò rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n yẹn, bí èsì náà bá sì jẹ́ Agnes, òun ti padà sílé nìyẹn.

Ohun tó ṣe nìyí, ẹ̀yin náà á sì gbà pé ọpọlọ wà níbẹ̀. Ó ní kí Agnes wá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀rọ lè máa fi ohùn náà pe àwọn oníbàárà láràárọ̀. Agnes wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wá, ó kun ètè, bí ẹni tó ń lọ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ń béèrè pé, "Àánú, ṣé wọ́n á gbọ́ mi dé Ògbómọ̀ṣọ́ ṣá?" Wọ́n fi tìmùtìmù dí fèrèsé yàrá kékeré kan, ó sì kí gbogbo ìkíni tó wà lẹ́nu rẹ̀ sínú ẹ̀rọ: ti àárọ̀, ti òjò, ti ọdún, ti ẹni tó ra ọmọ adìẹ tuntun, ti ẹni tó ta adìẹ tán.

Àánú mọ̀ pé ẹni tó bá kí ọ, tí kò dúró gba èsì, kò kí ọ. Ó wá fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀. Fóònù á dún, ohùn Agnes á ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa?" Á dákẹ́. Lẹ́yìn náà, "Ẹ ṣeun o. Àwọn adìẹ ńkọ́?" Á tún dákẹ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbàgbé láti tẹ iye ẹyin tòní o. Ó dàbọ̀." Nọ́ńbà tí Agnes fi ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀ náà ló fi ṣe é, kí wọ́n lè gbé e. Ó jẹ́ kí n gbọ́ ọ lórí fóònù tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì fẹ́ dá Agnes lóhùn. Mo bi í pé, "Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rọ ni?" Ó ní bí wọn ò bá mọ̀ ni iṣẹ́ òun fi dára.

Ìkíni kan wà tó jẹ́ pé Agnes fúnra rẹ̀ ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ẹni tó ń sin adìẹ ẹyin, ọjọ́ tí iye adìẹ rẹ̀ bá di òdo nínú áàpù, ohun tí Àánú kà á sí ni pé ó ti ta èyí tó gbó pátápátá, owó ti wọlé, ó ń múra láti ra òmíràn. Ọjọ́ ayọ̀ ni. Ó ní kí ẹ̀rọ máa bá wọn yọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Agnes sì fi ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́ sí i lẹ́yìn.

Iṣẹ́ náà yọrí. Àwọn tó ń pa áàpù rẹ́ dínkù. Adédìpẹ̀ ní kí Agnes fi àwọn oníbàárà àtijọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, kó gbájú mọ́ àwọn ará Ẹdẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Agnes ráhùn díẹ̀, ó ní òun á máa ṣàárò àwọn èèyàn òun, àmọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń fi gbé e lọ sí Ẹdẹ tù ú nínú.

Ṣé ẹ rò pé ọkàn Àánú wá balẹ̀ báyìí? Kò balẹ̀. Ẹyin pọ̀ sí i. Àwọn èèyàn ń gun àtẹ̀gùn wá pé, "Ẹ bá mi kí Agnes. Pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, kò gbàgbé mi, àràárọ̀ ló ń pè mí." Àánú á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kéréètì lọ́wọ́. Ó wálé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sórí àga, ó ń pariwo mọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é: "Èmi ni mò ń pè wọ́n, Anti Rìn! Èmi ni! Anti Agnes ń sùn lọ́wọ́!" Mo ní, "Jonathan náà ò tún rédíò ṣe." Ó dìde wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Díákónì Nehemiah Oyèlẹ́yẹ, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Díákónì, wà lára àwọn oníbàárà àkọ́kọ́. Kuta ni wọ́n ń gbé. Ìyàwó wọn ti kú, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn odi, àwọn adìẹ yẹn ló kù tí wọ́n ń jí bá. Lúkúlúkú wọ ilé adìẹ wọn. Ẹni tó bá ti sin adìẹ rí mọ ohun tí mò ń wí: lónìí wọ́n á máa húkọ́, lọ́la wọ́n á máa yí ọrùn, kó tó pẹ́, èèyàn á máa fi àpò kó òkú adìẹ jáde. Gbogbo rẹ̀ ló kú. Nígbà tí wọ́n sin wọ́n tán, Bàbá Díákónì mú fóònù, wọ́n sì tẹ òdo sínú áàpù, nítorí Agnes ti kọ́ wọn pé bóyá ó dára, bóyá kò dára, kí wọ́n ṣáà tẹ̀ ẹ́.

Sunday, olùkọ́ kíláàsì kejì nílé ìwé tí èmi náà ti ń ṣe tíṣà, ọmọ Kuta ni. Ó wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ló sọ ọ́ fún mi. Àwọn aládùúgbò ti wá bá Bàbá kẹ́dùn, wọ́n jókòó yí wọn ká, wọ́n ń kí wọn kú àdánù, fóònù wá dún. Bàbá wò ó, wọ́n ní, "Agnes ni," ojú wọn sì là díẹ̀. Etí wọn ò gbọ́ràn tó mọ́, sípíkà ni wọ́n fi ń gba fóònù. Ohùn Agnes wá bẹ́ jáde láàárín àwọn tó ń kẹ́dùn: "Ẹ kú oríire o! Gbogbo adìẹ ti lọ pátá! Ayọ̀ yín ayọ̀ wa ni o, mo bá yín jó, mo bá yín yọ̀!" Ó pàtẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Sunday ní kò sẹ́ni tó lè wo ojú Bàbá.

Kó tó di ọjọ́ ìsinmi, ọ̀rọ̀ náà ti dé Olúpọ̀nnà. Àwọn kan ní Agnes ti di olówó ní Ẹdẹ, ó ń fi àwọn ṣẹ̀sín. Àwọn kan tún ń sọ èyí tó burú ju ìyẹn lọ, pé ẹni tó ń jó nítorí òkú adìẹ, àfàìmọ̀ kó má mọ nǹkan nípa rẹ̀. Wọ́n ń pa áàpù rẹ́ nílé dé ilé. Agnes pe Bàbá Díákónì, wọn ò gbé e. Ó pè wọ́n títí, wọn ò gbé e. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ó sunkún débi pé oníkẹ́míìsì gun òkè wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Adédìpẹ̀ pe ìpàdé. Àwọn ará Èkó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà dé. Ó ní, "Ṣé ká sọ fún àwọn oníbàárà ni pé ẹ̀rọ ni?" Àánú ló sọ̀rọ̀. Ó ní tí wọ́n bá sọ ìyẹn, gbogbo oníbàárà tó kù náà á mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń pe àwọn láti ọjọ́ yìí, wọ́n á lọ. Ó ní ohun tó dára jù ni kí Anti Agnes lọ bẹ Bàbá, kó ní àṣìṣe ni, pé òun fẹ́ pe ẹlòmíràn ni ọwọ́ òun ṣì. Agnes nu ojú rẹ̀, ó ní, "Kò burú. Ohùn mi náà ṣá ni."

Àánú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èyí fún mi nídìí oúnjẹ. Mo sì ń wò ó bó ṣe ń jẹun. Ó jẹ ìrẹsì, ó tún bu òmíràn, ó fi ìka lá ata tó wà lára àwo. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó jẹun bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ sáà wò ó, Anti Rìn, wọ́n ti wá rí i báyìí pé èèyàn lásán ni Anti Agnes náà."

Inú bí mi. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú bí mi débi pé mo gba àwo yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ta ló sọ fún ẹ̀rọ pé òdo túmọ̀ sí ayọ̀?"

Ó ń wo àwo tó wà lọ́wọ́ mi.

"Àánúolúwa, ìwọ ni mò ń bá wí. Ta ni?"

Ó ní, "Èmi ni. Àmọ́ iṣẹ́ mi máa lọ, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kó lọ. Láàárọ̀ ọ̀la, Kuta là ń lọ. Tí o ò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́, màá sì pe orúkọ rẹ pẹ̀lú ti bàbá rẹ."

Ọjọ́ Sátidé ni, kò sí ilé ìwé. A wọ ọkọ̀ lọ. Nígbà tí a fẹ́ dé, Àánú ní, "Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ mí." Mo ní wọ́n á mọ̀ ọ́ lónìí.

Bàbá Díákónì jókòó síta, wọ́n kọjú sí ilé adìẹ tó ti ṣófo, wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo kí wọn kú àdánù. Àánú dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde. Bàbá wò ó, wọ́n wò mí.

"Ta lèyí?"

"Àbúrò mi ni, sà. Ó ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá yín sọ."

Ẹnu rẹ̀ wúwo, àmọ́ ó sọ ọ́ láti ilẹ̀ tó wà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Anti Agnes kọ́ ló pè yín. Ẹ̀rọ ni. Èmi ni mo ṣe é. Èmi ni mo sọ fún ẹ̀rọ pé tí adìẹ bá di òdo, kó máa kí èèyàn kú oríire. Mi ò rò pé wọ́n lè kú tán. Anti Agnes ò mọ̀ pé ó máa pè yín lọ́jọ́ yẹn."

Bàbá kọjú kúrò lára rẹ̀, wọ́n wo ilé adìẹ. Mo rò pé ìbínú ni. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni.

"Ẹ̀rọ ló ń pè mí láràárọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀, sà. Láti ìgbà tí Anti Agnes ti ń lọ sí Ẹdẹ."

"Èmi ń dá a lóhùn o," ni Bàbá wí. Èmi ni wọ́n wá kọjú sí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ń tì wọ́n lójú. "Á ní, 'Àwọn adìẹ ńkọ́?' Mo sọ fún un. Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, mo sọ fún un. Mo ní, 'Agnes, wọ́n ń húkọ́ o, bá mi rán dókítà.' Ó ní, 'Ó dáa bẹ́ẹ̀.' Mo jókòó síbí, mò ń retí dókítà. Lọ́jọ́ kejì mo tún sọ ọ́. Ó ní, 'Ó dáa bẹ́ẹ̀.'"

Ẹ̀yìn Àánú ni mo rí, mi ò rí ojú rẹ̀. Gbogbo bí mo ṣe mọ ọ̀rọ̀ náà tó, mi ò mọ ìyẹn. Òun náà ò mọ̀ ọ́n. Ó ti fi àlàfo sílẹ̀ kí àwọn èèyàn lè dáhùn, kò sì rántí pé wọ́n lè ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ sọ.

Bàbá mú fóònù, wọ́n fi ìka wá orúkọ, wọ́n pè. Kò dún lẹ́ẹ̀mejì. "Bàbá mi!" ni Agnes ké, ohùn rẹ̀ há, sípíkà sì gbé e jáde. Ẹkún ló kọ́kọ́ sun. Bàbá ní kó má sunkún mọ́, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ bó ṣe jẹ́, wọ́n ní ọmọkùnrin kan wà lórí ilẹ̀ níwájú àwọn. Agnes fọn imú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àánú ni? Àánú ló wá?" Bàbá ní àwọn ò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo retí kó bú u. Ká ní èmi ni, ǹ bá bú u. Agnes ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i. Àbúrò mi ni. Òun ló ṣe gbogbo áàpù yẹn, ọpọlọ rẹ̀ ni gbogbo wa fi ń jẹun níbí. Èmi ni mo fi ẹ̀rín sí i. Ẹ ní kó dìde, ilẹ̀ tútù."

Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Agnes béèrè orókún, ó béèrè oúnjẹ tí wọ́n jẹ láàárọ̀, ó ní òun á wá fúnra òun pẹ̀lú dókítà kí wọ́n fi oògùn fọ ilé adìẹ kí wọ́n tó kó òmíràn sí i. Ẹ̀ẹ̀kan, Bàbá tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àánú ṣì wà nílẹ̀, orí rẹ̀ ti gbé sókè díẹ̀, ó ń wo fóònù tó wà lọ́wọ́ Bàbá. Èmi ni mo tọ́ ọ, mo mọ ojú yẹn. Òótọ́ ni pé ó kábàámọ̀, omijé sì wà lójú rẹ̀. Àmọ́ nídìí ẹkún yẹn, owú ṣì wà níbẹ̀, kò tíì kúrò.

Bàbá pa fóònù. Wọ́n ní, "Àwọn ará ibí ní kí n pa nǹkan yín rẹ́ lórí fóònù mi, mi ò pa á rẹ́. Nítorí Agnes ni. Nítorí Agnes náà ni mo ṣe máa lò ó lọ." Wọ́n wá wo àbúrò mi. "Ìwọ, dìde. Agnes ní kí n dárí jì ọ́."

Ó pẹ́ kó tó dìde.